Ọta Tí Ó Dé Ọkàn Ẹran

Inú òkùnkùn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń yan ọta. Ọ̀gá mi, Bàbá Ọdẹ, a pa iná orí rẹ̀, a gbé kátíréèjì kan lé mi lọ́wọ́, a ní, "Ọmọ mi, kí lò ń gbọ́?" N óò mì ín létí. Bí ó bá dún kò-kò-kò, SG ni. Bí ó bá dún ṣìrìṣìrì, BB ni. SG wọ àpò ọ̀tún, BB wọ àpò òsì. Bàbá ti lọ, ṣùgbọ́n títí di òní, n kì í ki kátíréèjì bọ ìbọn láìkọ́kọ́ mì ín létí.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń dẹ̀gbẹ́ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọdẹ tó bá ń kà á mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọta ni. SG ti ìbọn 12, ọta 9 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó hóró àgbàdo. BB kò ju bíi mìlímítà 4 lọ, bí ọkà bàbà. Òjé ni àwọn méjèèjì, ariwo kan náà ni wọ́n sì ń pa lẹ́nu ìbọn. Inú awọ ẹran ni ìyàtọ̀ wà. BB tó ọ̀yà, ó tó ehoro.

Bàbá kì í béèrè bí ẹran ṣe tóbi tó. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, "Kí ni ọta yóò là kọjá kó tó dé ọkàn?" Ti àgbọ̀nrín, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n egungun apá bo ọkàn. Bàbá a dúró bí òkúta títí ẹran náà yóò fi gbé ẹsẹ̀ iwájú síwájú, tí ẹ̀yìn apá yóò ṣí. Ti túùkú, irun ni, awọ ni, ọ̀rá ni, kí ọta tó kan ìhà. SG ló yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má ju ìgbésẹ̀ 25 lọ, níbi tí ọta mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣì ń rìn pọ̀. Bí ó bá di 40, wọ́n ti fọ́nká.

Mo mọ èyí, síbẹ̀ mo ṣẹ̀ ẹ́. Lóru ọjọ́ kan lẹ́bàá odò Ọ̀wẹnà, túùkú mẹ́ta ń tú ẹ̀gẹ́ olóko. BB ló wà lẹ́nu ìbọn mi. Ojú mi wọ ẹran, mo fa apátí. Túùkú ké, ó sá. Èmi àti Bàbá tọ ipa rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò ju ìkán mẹ́ta lọ, nítorí ọ̀rá a máa dí ojú ọgbẹ́. Ọjọ́ kẹta ni eṣinṣin júwe rẹ̀ fún wa. Bàbá kò bá mi wí. Ó bó awọ ìhà rẹ̀, ó ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí ewé kòkó. Mẹ́tàdínlógún. Kò sí èyí tó la ọ̀rá kọjá. Ó ní, "Gbogbo wọn ló bà á, kò sí ọ̀kan tó pa á. Ìyà ló pa á." Ẹran náà kò ṣe é jẹ mọ́. A sin ín.

Ìdí nìyí tí inú mi fi ń ru sí àwọn tó ń gé sípóòkù kẹ̀kẹ́ kì sínú ṣakabùlà. Irin fúyẹ́ ju òjé lọ. Sípóòkù gígé a máa ta kìtì lójú afẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ a tán lọ́nà, ó sì ń ha inú ìbọn. Nígbà tí Bàbá ń lo ṣakabùlà, òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ́ òjé nílé alágbẹ̀dẹ. Bí ọta bá tutù, a yí i lórí ọlọ. Èyí tí kò bá yí gúnrégé, inú iná ló ń padà sí. Mo ti rí i tó dá mẹ́fà padà nínú mẹ́wàá.

Kátíréèjì wọ́n, mo mọ̀. Ẹ ra ẹyọ kan tó dára dípò márùn-ún tí kò wúlò. Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó fa apátí, ẹ rántí ìbéèrè Bàbá. Bí ọta tó wà lẹ́nu ìbọn kò bá lè dé ọkàn, ẹ jẹ́ kí ẹran náà máa lọ.