Àyè Iwájú Ìlà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Spacebar

Ọ̀rọ̀ tòní lè dà bí èyí tí kò tó nǹkan: àyè kékeré tí à ń fi sílẹ̀ níwájú ìlà àkọ́kọ́ nínú ìpínrọ̀. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí mo ṣe ń rí àwọn iṣẹ́ Yorùbá tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi ní GRA níbí, ó tó ohun tí à ń bára wa sọ.

Òǹkọ̀wé kan á tẹ spacebar lẹ́ẹ̀mẹrin fún ìpínrọ̀ kan, lẹ́ẹ̀meje fún òmíràn. Òmíràn á fi àyè síwájú ìlà, á tún fo odindi ìlà kan láàárín ìpínrọ̀ méjì. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń sọ fún òǹkàwé pé èrò mìíràn ti dé. Ẹni tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún, kí ló tún ń kanlẹ̀kùn fún?

Ẹ wo ìtàn àròsọ wa. Ní 1969 ni Àjà Ló Lẹrù, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, jáde láti ọwọ́ Longman, ilé iṣẹ́ tí à ń pè ní Learn Africa lónìí, tó wà ní Ọba Akran ní Ìkẹjà wa níbí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bí ẹnì kan bá ti dákẹ́ tí ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ sọ, ìpínrọ̀ tuntun ni. Bí a bá wá ń fo ìlà kan lẹ́yìn gbogbo ìdáhùn, ojú ìwé á tú ká, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó yára á máa wọ́ bí ìgbín. Àyè níwájú ìlà ló bá ìtàn mu. Ohun tí a ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lè fo ìlà ní tirẹ̀. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan.

Ibi tó ti burú jù ni ewì. Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé ní 1976 pé ẹsẹ Ifá lè ní apá mẹ́jọ: èyí àkọ́kọ́ ń dárúkọ awo, ìkejì ń dárúkọ ẹni tí wọ́n dá Ifá fún, ìkẹta ń sọ ìdí rẹ̀. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “A díá fún” lè gùn ju ìbú ojú ìwé lọ. Bí ó bá ṣẹ́ wá sísàlẹ̀, ìyókù rẹ̀ ló yẹ kó wọnú, kí orí ìlà yọ síta, kí òǹkàwé má baà rò pé ìlà tuntun ni. Kí ni àwọn èèyàn wa ń ṣe? Wọ́n á tẹ Enter níbi tí ìlà ti ṣẹ́, wọ́n á fi spacebar ti ìyókù wọlé.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Lórí A4, tó fẹ̀ tó mílímítà 210, ó gún régé. Ẹ gbé e sórí A5 tó jẹ́ 148, tàbí kí ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì nítorí àmì ohùn, ìlà kan á di mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń wo bátànì ewì náà á wá máa ka iye ìlà tí bébà dá, kì í ṣe èyí tí babaláwo pè. Bí bàbá náà bá ti papòdà, ta ni a ó lọ bi?

Oògùn rẹ̀ kò le. Nínú Microsoft Word, ẹ ṣí àpótí Paragraph, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Special sí. First line wà fún ìtàn, 0.5 ínǹṣì tí Word ń gbé wá fúnra rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìwé kékeré, ẹ dín in kù. Hanging wà fún ewì. Enter kò gbọdọ̀ wà àfi níbi tí ìlà ewì ti parí. Bí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti 8 pọ̀, gbogbo spacebar tó fara pamọ́ á yọjú bí ẹyọ ìyẹ̀fun.

Àwọn kan á ní, “Prof, àwọn atẹ̀wé á bá wa tún un ṣe.” Báwo? Ẹni tó ń to ojú ìwé ní Ṣómólú kò sí níbẹ̀ nígbà tí babaláwo ń kì í. Kò lè mọ ìlà tí ẹnu dá yàtọ̀ sí èyí tí bébà dá. Ìwọ tó gbọ́ ọ ló mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ni kóo fi hàn.