Ọmọ Kan Nínú Fíìmù, Méjì Lórí Bébà: Àtúnyẹ̀wò Fọ́tò Ìbejì

Àpilẹ̀kọ Stephen Sprague tí ó jáde nínú African Arts ní 1978 ṣì jẹ́ òpó fún ìmọ̀ fọ́tò Yorùbá. Ìlá-Ọ̀ràngún, ìlú tí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ rẹ̀ so mọ́ Ilé-Ifẹ̀, ni ó ti ṣèwádìí. Ohun tí a mọ àpilẹ̀kọ náà mọ́ jù ni àfiwé ìjókòó: ẹni tí a yà kọjú síwájú, ó gbé ọwọ́ lé itan, bí ère. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n iwájú kámẹ́rà nìkan ni àfiwé yìí mọ. Ẹ̀rí tí ó lágbára jù nínú iṣẹ́ náà wà nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò.

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ya alààyè nínú aṣọ ọkùnrin, a tún yà á nínú aṣọ obìnrin, a sì pa àwòrán méjèèjì pọ̀. Fíìmù pẹlẹbẹ ńlá mú irú iṣẹ́ yìí rọrùn: ó ṣe é gbé lé bébà tààrà. A ó fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, a ó tan iná sí ìyókù. A ó sún fíìmù, a ó bo apá tí ó ti rí iná, a ó sì tún iná tàn. Nínú omi kẹ́míkà, ọmọ méjì a yọ.

Nítorí náà, kò tó láti sọ pé fọ́tò rọ́pò ère ìbejì. Agbẹ́gilére kì í gbẹ́ ojú ìkókó tí ó kú. Ìrísí àgbàlagbà ni ó ń gbẹ́. Onífọ́tò yá ojú alààyè fún òkú. Jíjọra, tí Robert Farris Thompson kà mọ́ òṣùwọ̀n ẹwà ère Yorùbá, wá gba ìtumọ̀ mìíràn: ìbejì gbọ́dọ̀ jọ ìbejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1938 jọra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn bóyá ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbé jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìpamọ́ lónìí. Ó rọrùn láti ka fíìmù sí ojúlówó, kí a ka bébà sí ẹ̀dà lásán. Ní ti fọ́tò ìbejì, òdìkejì rẹ̀ ni: ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú fíìmù. Ẹni tí ó bá gbé fíìmù sórí kọ̀ǹpútà, tí ó jẹ́ kí bébà jẹrà, ti sọ òkú ọmọ náà nù lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá wà láàárín àwòrán, kì í ṣe àbùkù. Ojú iṣẹ́ ni. Fọ́tò tí ó wà lára ògiri ilé àwọn ẹbí ni ó yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì bi wọ́n léèrè èwo ni alààyè, èwo ni òkú, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.