Ọgbọ́n Owó Àwọn Nana Benz

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn tún owó rẹ̀ pín, kó wo àwọn Nana Benz ìlú Lomé ní Tógò. Obìnrin oníṣòwò àǹkárá ni wọ́n ní Ọjà Ńlá ibẹ̀ láyé ìgbà kan. Wọ́n ń ra aṣọ Vlisco láti ilẹ̀ Hóláǹdì, wọ́n sì ń tà á káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mercedes-Benz tí wọ́n ń gùn ló sọ wọ́n lórúkọ.

Ọkọ̀ yẹn kọ́ ló wú mi lórí. Nígbà tí ọjà ń tà wàràwàrà ni àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn ń bù lára èrè, tí wọ́n fi ń ra ilẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, sefa, owó tí wọ́n ń ná ní Tógò, já sí ìdajì lójú owó Faransé; aṣọ òkè òkun di ọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àǹkárá Ṣáínà gba ọjà. Ní ọdún 2013, iná jó Ọjà Ńlá. Síbẹ̀, ẹni tó nílé ń gba owó ilé.

Ìgbà tí apá kan nínú owó wa bá wúwo ju ìyókù lọ ni ká bù ú, ká má dúró dìgbà tó bá wó.