Ọya Láìsí Odò: Òrìṣà Omi àti Àwọn Olùsìn Rẹ̀ nínú Ìtàn Àròsọ Tomi Adeyemi

Nínú Children of Blood and Bone, ìwé ìtàn àròsọ tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018, abúlé apẹja tó léfòó lórí òkun ni Ìlọrin. Ẹni tó mọ Ìlọrin Kwara lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ayé àròsọ ní ẹ̀tọ́ láti tún ilẹ̀ tò. Ẹni tó ń gbé lórí omi náà ló yẹ kí a wò. Ọmọ apẹja ni Zélie, ọmọ Ọya sì ni. Síbẹ̀, Ọya tirẹ̀ kò ní odò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ọya ló ni odò tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger. Odò Ọya ni à ń pè é títí dòní. Òun kan náà ló ni ìjì. Adeyemi sọ ọ́ di òrìṣà ìyè àti ikú, ó gbé afẹ́fẹ́ fún Ayao, ó sì kó omi fún Yemọja. Ẹ̀yà 10 ló wà nínú ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrìṣà àti agbára tirẹ̀. Ọ̀ṣun kò sí nínú wọn rárá. Ìpín yìí mọ́ tónítóní jù fún àwọn òrìṣà tí iṣẹ́ wọn máa ń wọnú ara wọn.

Bí a ṣe kọ orúkọ wọn ló fi ọ̀nà tí wọ́n gbà wọnú ìwé náà hàn: Oxosi, Ochumare, Babalúayé. Ayao fúnra rẹ̀, àwọn olórìṣà Kúbà ló mọ̀ ọ́n sí àbúrò Ọya. Chândomblé ni tẹ́ńpìlì inú ìtàn náà ń jẹ́. Òǹkọ̀wé náà ti sọ ní gbangba pé ní Salvador, ní Bahia, ni òun ti kọ́kọ́ rí àwòrán àwọn òrìṣà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bá a jà pé Yemọja, òrìṣà odò Ògùn, kì í ṣe olókun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yé. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun ló gbé Yemọja dé etí òkun. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Àwọn olùsìn ni ìwé náà kò rí fún un. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ènìyàn di ti Yemọja níbẹ̀: irun funfun láti ọjọ́ ìbí, agbára ní ọmọ ọdún 13. A kò rí àgàn tó kúnlẹ̀ létí omi, tàbí igbá ẹbọ. Ó dùn mọ́ni láti rí èdè Yorùbá lẹ́nu Zélie nígbà tó bá ń lo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọfọ̀ ni ó ń pè, kì í ṣe oríkì. Àṣẹ ni ọfọ̀ ń pa; oríkì ló ń ki òrìṣà títí orí rẹ̀ yóò fi wú. Karin Barber ti ṣàlàyé ní 1981 pé olùsìn ló ń gbé òrìṣà rẹ̀ ga. Àwọn àgbà ti ní, “Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi.” Ẹni tó lè kúrò lẹ́yìn òrìṣà ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ omi inú ìwé yìí kò lè sọ ọ́.

Èyí ló mú kí ìpakúpa tí ọba Saran pa àwọn olóògùn gbé ìbéèrè tó wúwo kalẹ̀. Fún ọdún 11 agbára ti lọ, ìsìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ní Regla, ní òdìkejì èbúté Havana, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹrú tí kò ní agbára kankan tí ojú lè rí fi Yemọja pamọ́ sẹ́yìn Màríà Wúńdíá, wọ́n sì ń sìn ín lọ. Ibi tí Adeyemi ti súnmọ́ ìtàn yẹn jù lọ ni ahéré Mama Agba, níbi tí arúgbó kan ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìjà ọ̀pá ní ìkọ̀kọ̀. Ojú ìwé wọ̀nyẹn lágbára ju ogun tó tẹ̀lé e lọ, ó sì ṣeni láàánú pé ìtàn náà yára kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Zélie gbé ẹja lọ tà ní ọjà Èkó, owó rẹ̀ sì ni gbogbo ohun tí ìtàn náà ń rò. Ní etíkun Rio Vermelho ní Salvador, ní ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé lọ́dọọdún, àwọn apẹja a máa wa ọkọ̀ jáde, a sì máa da òdòdó àti lọ́fínńdà sínú omi fún Yemọja.