Iṣẹ́ Tí A Kò Fi Ìkánjú Ṣe: Mayor àti Queloz lórí Ìràwọ̀ 51 Pegasi

Ojú ewé márùn-ún péré ni ìwé ìwádìí tí Michel Mayor àti Didier Queloz ti Yunifásítì Geneva tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature ní oṣù Kọkànlá ọdún 1995. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí 51 Pegasi po, ìràwọ̀ kan tó jọ oòrùn wa, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin nǹkan bí àádọ́ta ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sí ẹni tó tíì fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ rí nípa ìràwọ̀ tó jọ oòrùn. Àwọn kan lára ìkéde pílánẹ́ẹ̀tì tó ti wáyé tẹ́lẹ̀, bíi ti ìràwọ̀ Barnard's Star, ẹ̀rí wọn kò dúró.

Wọn kò fojú rí pílánẹ́ẹ̀tì yìí. Ìràwọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò láti Haute-Provence ní ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú ELODIE, ẹ̀rọ tó ń tú ìmọ́lẹ̀ sí oríṣiríṣi àwọ̀. Àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín máa ń wà láàárín àwọn àwọ̀ náà. Bí ìràwọ̀ bá ń sún mọ́ wa, àwọn ìlà yìí á yẹ̀ díẹ̀ sí apá àwọ̀ aró. Bó bá ń jìnnà, wọ́n á yẹ̀ sí apá pupa. 51 Pegasi ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń fà á síwá sẹ́yìn: mítà 59 ní ìṣẹ́jú àáyá kan síwájú, iye kan náà sẹ́yìn, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 4.23. Àṣìṣe ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan bíi mítà 13 lọ.

Ibi tí ẹlòmíràn ì bá ti figbe bọnu, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara wọn lọ́wọ́ wò. Ṣé kì í ṣe àbàwọ́n ojú ìràwọ̀ ló ń tàn wọ́n jẹ? Rárá, nítorí ìràwọ̀ náà kì í yára yí lórí ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó ń wú, tó ń sọ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ì bá máa pọ̀, kó máa dín kù. Kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Abala yìí ni mo gbà pé ó níyì jù nínú iṣẹ́ náà. Òun náà ló gbà wọ́n ní 1997, nígbà tí onímọ̀ ìràwọ̀ David Gray kọ̀wé tako wọn. Gray fúnra rẹ̀ ló tún kọ ọ́ ní 1998 pé ẹ̀rí òun kò dúró.

Ìwọ̀n pílánẹ́ẹ̀tì náà, ó kéré tán, jẹ́ 0.47 ti Júpítà. Wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé a kò mọ bí ọ̀nà ìyípo rẹ̀ ṣe dagun sí wa. Mílíọ̀nù kìlómítà mẹ́jọ péré ló sì fi jìnnà sí ìràwọ̀ rẹ̀, nígbà tí Mẹ́kúrì jìnnà sí oòrùn tó mílíọ̀nù 58. Júpítà ń lo nǹkan bí ọdún 12 láti yípo oòrùn lẹ́ẹ̀kan! Báwo wá ni irú òmìrán bẹ́ẹ̀ ṣe dé ẹnu ìléru? Níbí ni ìwé náà ti rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ohun tó tóbi ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ, tí ooru ti bó ara rẹ̀ lọ. Àbá yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkejì ni pé ó ti ọ̀nà jíjìn ṣí wá síbẹ̀. Èyí ni àwọn onímọ̀ wá gbà jù, ó sì yẹ kí Mayor àti Queloz fún un láyè ju bí wọ́n ṣe fún un lọ.

Ní 2019, àwọn méjèèjì jọ gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì. Ọjọ́ 4.23 tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 1995 náà ni àwọn ẹ̀rọ tó péye ju tiwọn lọ ṣì ń rí títí dòní.