Ohun Tí A Gé Kúrò: Lámèyítọ́ Lórí Alùpùpù Àtijọ́ Tí A Sọ Di Cafe Racer

Bí ọ̀rọ̀ bá kan alùpùpù tí wọ́n tún kọ́, ohun tí oníṣẹ́ fi kún un ni gbogbo ènìyàn máa ń wò: ọ̀dà tó ń kọ mànà, táńkì tuntun, sàlẹ́ńsà tó ń bú ramúramù. Èrò tèmi ni pé ibòmíràn ló yẹ kí olámèyítọ́ gbójú sí. Ọnà cafe racer, ìyẹn alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kí ó lè rí tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì lè sáré, wà nínú ohun tí oníṣẹ́ gé dànù àti ìdí tó fi gé e. Ìdí náà kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo, nítorí pé ọ̀nà tí alùpùpù yóò rìn àti iṣẹ́ tí yóò ṣe ló ń pàṣẹ ohun tó ṣe é gé. Nítorí náà, bí alùpùpù kan bá jáde ní ìsọ̀ mẹkáníìkì ní Òkè-Odò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, tó sì jọ ti Lọ́ńdọ̀nù ọdún 1962 láìku síbì kan, a lè yìn ín bí àwòkọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà rẹ̀ kò tíì pé. Ọ̀kadà tí wọ́n fi irin gbá níwájú, tí wọ́n na ìjókòó rẹ̀ gùn, tó ń kó èrò láàárín Ìkòtún àti Ìgàndò, sún mọ́ ẹ̀mí cafe racer ju irú àwòkọ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ká wo orísun nǹkan náà ná. Ace Cafe, ilé oúnjẹ kan lẹ́bàá òpópónà North Circular ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣí lọ́dún 1938. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún un kọ́ lọ́dún 1949, ó sì di ibùjókòó àwọn ọ̀dọ́ oní-alùpùpù títí wọ́n fi tì í pa lọ́dún 1969. Òṣìṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń lé ni eré ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan, èyí tó tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Agbára wọn kò ká alùpùpù eré ìdíje, ni wọ́n bá mú èyí tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun tó ń wúwo lára rẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ wọn ni Triton, ẹ́ńjìnnì Triumph tí wọ́n gbé sínú férémù Norton. Rex McCandless, ará Belfast, ló ṣe férémù náà tí wọ́n ń pè ní Featherbed, Norton sì ń fi du eré ìje láti ọdún 1950. Báwo wá ni férémù tó dára tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń wà nílẹ̀ láìní ẹ́ńjìnnì? Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ kékeré fún eré ìje ló ń wá ẹ́ńjìnnì Norton, ilé-iṣẹ́ náà kò sì fẹ́ tà á lọ́tọ̀. Wọ́n ní láti ra odidi alùpùpù, kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì ta ìyókù. Àṣẹ́kù iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ohun tí gbogbo ayé ń ṣàfarawé lónìí.

Irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Alímọ̀ṣọ́. Òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta tó gba Òkè-Odò kọjá náà ló ń lọ sí ìhà Ọ̀tà, níbi tí Honda dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ sí lọ́dún 1979. Suzuki àti Yamaha náà gbòde, kí Jincheng ti Ṣáínà àti Bajaj Boxer ti Íńdíà tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Honda CG125, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1976, yẹ fún àkíyèsí láàárín wọn. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọn yóò ti tà á, ẹrù tó wúwo ni yóò máa gbé, wọn kò sì ní máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Wọ́n bá ṣe ẹ́ńjìnnì tó rọrùn tú, tó sì lè fara da ìyà. Irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú, àmọ́ a máa di àpatì. Òfin ìrìnnà Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ojú ọ̀nà 475. Nígbà tó di ọdún 2022, ìfòfindè náà gba ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn, ìjọba sì ń fi ẹ̀rọ fọ́ àwọn èyí tí wọ́n gbà ní gbangba. Èyí tí kò bá bọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ náà, àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Mẹkáníìkì tó bá gba ọ̀kan sílẹ̀, tó ní òun fẹ́ tún un kọ́, ti ṣe ìpinnu ọnà kí ó tó mú sípánà rárá: ó ti gbà pé ohun tí gbogbo ènìyàn pè ní pàǹtí ṣì ní ìwà.

Òṣùwọ̀n wo ni a ó fi wọn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? A kò ní láti yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú àròkọ rẹ̀ lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ọnà, tó jáde lọ́dún 1973, Robert Farris Thompson kó àwọn òṣùwọ̀n tí àwọn ará ìlú fi ń dá ère lẹ́jọ́ jọ, lára wọn ni jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún àti ọ̀dọ́. Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ lórí ọnà àti èdè Yorùbá tó jáde lọ́dún 2014, tẹnu mọ́ ọn pé a kò lè sọ̀rọ̀ ẹwà ká yọ ìwà sílẹ̀. Jíjọra tí àwọn àgbà ń wí ní ìwọ̀n: ère kò gbọdọ̀ jọ ẹnì kan tán pátápátá, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ènìyàn débi tí a kò fi ní dá a mọ̀. Ìfarahàn ń bèèrè pé kí ojú rí ibi tí ẹ̀yà kan parí sí àti ibi tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ ń bèèrè pé kí a gbẹ́ àgbàlagbà sí ìgbà tí agbára rẹ̀ pé, síbẹ̀ kí ipò àgbà hàn lára rẹ̀. Ère igi ni wọ́n fi òṣùwọ̀n wọ̀nyí dá lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò bá irin mu.

Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wo ìdí alùpùpù. Férémù tó gbé ìjókòó gùn kọjá ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn, nítorí pé ẹni méjì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó ń kọ́ cafe racer á gé ọ̀pá méjèèjì lẹ́yìn ojú ìso náà, á wá tẹ páìpù kan bí ìlàjì òrùka, wẹ́dà á sì jó o mọ́ wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni yóò to ìjókòó kékeré oníké lé e, kí abẹ́ táńkì àti abẹ́ ìjókòó lè wà lójú ìlà kan náà, kí ìlà yẹn sì tẹ́ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́. Ìfarahàn nìyẹn. Bí ojú ìso ṣọ́ọ̀kì bá yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jó irin, ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún àti ti òsì kò ní dúró dọ́gba mọ́, gígún ti bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀dà kankan kò sì lè tún un ṣe. Dídán náà ní ìdánwò tirẹ̀. Bọ́dífílà lè bo ojú ibi tí wẹ́dà ti ṣe jágbajàgba, kí gbogbo rẹ̀ sì máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ihò àti gegele ọ̀nà á gbọ̀n ọ́n títí yóò fi sán, irọ́ inú rẹ̀ á sì hàn. Ní ti ọ̀dọ́, oníṣẹ́ tó dá táńkì àkọ́kọ́ sí, tó jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ ara ẹ́ńjìnnì hàn bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nígbà náà, ti sọ arúgbó di ọ̀dọ́ láìpa ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni abẹ́ ìjókòó. Àlàfo onígun mẹ́ta tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì, ìjókòó àti táyà ẹ̀yìn ni àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn láti sọ di òfìfo, kí ojú lè là á kọjá. Láti rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń yọ àpótí fílítà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì fi fílítà kékeré sẹ́nu kàbúrétọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á pọ̀ sí i. Bí oníṣẹ́ kò bá fi jẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ sí i, epo kò ní tó, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná jù. Plọ́ọ̀gì ni ẹlẹ́rìí: bí ẹnu rẹ̀ bá funfun, epo kéré; bí ó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù; àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ṣú díẹ̀ ni à ń wá. Ẹni tó mọ èyí lè yọ àpótí náà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó má rí ìjàǹbá kan. Ní àwọn àdúgbò Alímọ̀ṣọ́ tí títì wọn kò ní ọ̀dà, tí eruku ń bo òrùlé nígbà ọyẹ́, àpótí yẹn ni kò jẹ́ kí iyanrìn wọ sílíńdà lọ jẹ rìngì àti pístìn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ áńdù kúkúrú tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ iwájú. Ó ń tẹ ẹni tó gun alùpùpù síwájú kí atẹ́gùn má baà dá a dúró. Bí eré bá sì le, atẹ́gùn kan náà á gbé àyà rẹ̀ ró. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájà, kò sí atẹ́gùn tí yóò gbé ẹnikẹ́ni ró: gbogbo ẹrù èjìká á já lé ọrùn ọwọ́. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ẹni tó yọ àpótí, tó sì rẹ áńdù sílẹ̀ nítorí pé ó rí i bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò ti ré kọjá ìwọ̀n jíjọra; ó gbẹ́ ère ẹlòmíràn.

Ibí yìí ni ọ̀kadà ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ máa ń fi irin gbá iwájú ẹ́ńjìnnì kí ẹsẹ̀ má baà kán bí ó bá ṣubú, a máa fi awọ bo táńkì, a sì máa so kárià mọ́ ẹ̀yìn. Ní òde ara, òdì kejì cafe racer ni: ọ̀kan ń yọ, èkejì ń fi kún. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń dáhùn, pé kí ni ọ̀nà yìí àti iṣẹ́ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ irin yìí. Ayé ti gbà pé irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ tó wò bí ọnà. Romuald Hazoumè, oníṣẹ́ ọnà tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n sì bí ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin lọ́dún 1962, to kẹ́ẹ̀gì epo 304 bí ẹrú inú ọkọ̀ ojú omi nínú iṣẹ́ rẹ̀ La Bouche du Roi, tí British Museum fi hàn lọ́dún 2007. Fídíò àwọn tó ń fi alùpùpù kó epo láti Nàìjíríà wà lára iṣẹ́ náà. Iná ni wọ́n fi ń mú irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ wú kí ó lè gba epo sí i. Òǹkàwé ọnà ti rí kẹ́ẹ̀gì. Alùpùpù tó rù ú ni kò tíì rí olámèyítọ́ tó pọ̀. Nílé wa náà, Ọlátúndé Báyọ̀ Lawuyi ti kọ̀wé lọ́dún 1988 lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ takisí Yorùbá ń kọ sára ọkọ̀. Ó yẹ kí a ka irin náà bí a ṣe ń ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀.

Àtakò kìíní tí a lè gbé dìde ni pé àṣà òyìnbó olówó ni cafe racer, kò kan ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́. Ìtàn Triton ti dáhùn: ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, àwọn olówó ló wá bá a níbẹ̀. Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan ní ohun àtijọ́ yẹ kí ó wà bí wọ́n ṣe ṣe é, pé ẹni tó bá gé férémù ti pa ìtàn run. Mo gbà fún wọn níwọ̀n. Alùpùpù tí irú rẹ̀ ti ń tán lọ, tó sì ṣì pé, kò yẹ kí gíráńdà kàn án, torí pé irin tí a bá gé kò ṣe é dá padà. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú ọ̀nà àti òjò ti jẹ ìdajì rẹ̀, tó ń dúró de oníkóńdẹ́mù, ìtàn wo ni gígé yóò bà jẹ́ lára rẹ̀? Irú rẹ̀ ni mo ń sọ.

Àtakò kẹta ló kan ọkàn àríyànjiyàn mi: bí ìwúlò bá ń pàṣẹ ohun tí a ó gé, ṣé gbogbo àtúnṣe ti di ọnà nìyẹn? Rárá o. Ẹni tó fi wáyà so mọ́gáàdì tó já ti rí ìwúlò, ṣùgbọ́n kò yan nǹkan kan. Ohun tó wà nílẹ̀ ló yàn án. Ọnà bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ti wà tí ó lè ṣiṣẹ́, tí oníṣẹ́ sì mú èyí tó jẹ́ kí ìlà ara alùpùpù hàn kedere. Ìwúlò ń fi ààlà sí i, ìfarahàn àti gígún ń dá a lẹ́jọ́ nínú ààlà náà. Bí mẹkáníìkì Òkè-Odò bá dá àpótí fílítà sí, tó wá dín in kù kí ó lè fara pamọ́ sẹ́yìn ìlà férémù, bí ó bá gé ìdí alùpùpù ṣùgbọ́n tó fi mọ́gáàdì tó lè dá ẹrẹ̀ dúró sílẹ̀, bí ó bá rẹ áńdù sílẹ̀ níwọ̀n tí ọrùn ọwọ́ lè gbà, iṣẹ́ rẹ̀ kò ní jọ ti Ace Cafe tán. Yóò jọ ọ́ níbi tó yẹ kí ó jọ ọ́, ìyẹn nínú ìdí tó wà lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, fọ́tò kò tó láti fi dá irú iṣẹ́ yìí lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn àfihàn tí iná ń tàn sí ọ̀dà rẹ̀ kò tó. Kí olámèyítọ́ bèèrè ohun tí wọ́n yọ lọ́wọ́ oníṣẹ́, kí ó sì gbọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n gùn ún láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Òkè-Odò lẹ́ẹ̀kan nígbà ọyẹ́, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tú plọ́ọ̀gì wò, kí wọ́n sì yẹ ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o wò. Èyí tó bá yege lẹ́yìn ìyẹn ni ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọ̀ tí wọ́n kùn ún.