Atibi Atire Náítíríìkì Ọ́kísáìdì Nínú Ọpọlọ

Lọ́dún 1992, ìwé ìròyìn Science fi náítíríìkì ọ́kísáìdì joyè Mólékù Ọdún. Oyè náà tọ́, nítorí gáàsì yìí ń jíṣẹ́ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ṣùgbọ́n oyè nìkan kò tó fi mọ ìwà rẹ̀. Ìwádìí ọdún 1994 fi hàn pé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dé ọpọlọ, àwọn eku tí kò ní ẹ́ńsáìmù tí ń pèsè rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kò fara pa tó àwọn yòókù. Lọ́dún 1995 ẹ̀wẹ̀, akọ irú eku bẹ́ẹ̀ di oníjà. Ẹni tó bá dènà rẹ̀ nítorí àrùn lè ṣèèṣì ba ìwà jẹ́. Tibi-tire la dálé ayé: kí olùkọ́ fi méjèèjì kọ́ni.